Okùn Méjì fún Òkú Kan

Orúkọ tí bàbá àti ìyá kàfíńtà yìí sọ ọ́ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Pósí ló ń kàn. Ọdún kejìlélógójì rèé tó ti ń kàn án nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, yàrá gbọọrọ kan tó ní fèrèsé méjì, tí lẹ́búlẹ́bú pákó kì í tán nílẹ̀ rẹ̀ bó ti wù kí wọ́n gbá a tó. Bí ẹ bá wọlé síbẹ̀, tí ẹ sì ti kọ gígùn àti ìbú pósí tí ẹ fẹ́ sórí ìwé, yóò gba ìwé náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò kà á látòkè délẹ̀, yóò sì dá a padà fún yín.

"Ẹ ṣeun o. Níbo lòkú yín wà? Ẹ jẹ́ n wọ̀n ọ́n."

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kì í fi téèpù wọn òkú. Okùn òwú funfun ni, tuntun, tí kò tíì di nǹkan kan rí. Yóò na okùn náà láti àtàrí dé gìgísẹ̀, yóò ta kókó kan. Láti èjìká kan dé èkejì, kókó kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́tọ̀ àti ẹsẹ̀ òsì lọ́tọ̀, nítorí òkú máa ń wọ́ lórí ibùsùn, ojú lásán sì lè tan èèyàn jẹ. Bí òkú bá ti wọ inú pósí, okùn tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n yóò wọlé tẹ̀ lé e, nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Okùn kan, òkú kan. Kò fi okùn ẹnì kan wọn ẹlòmíì rí láyé rẹ̀. Àwọn aláwàdà máa ń sọ pé bó bá gbọ́ tí arúgbó ń wúkọ́ lójú títì, ọwọ́ rẹ̀ á yọ́ lọ sápò. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn, àmọ́ mo mọ arúgbó méjì tó máa ń gba òdìkejì títì kọjá.

Ohun kan wà tí ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tíṣà wọn kó gbogbo kíláàsì lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wo owó àtijọ́, ó sú wọn. Ìgbà tí wọ́n dé yàrá tó kẹ́yìn ni ojú wọn là. Eegun èèyàn ló dúró nínú àpótí onígíláàsì, láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n fi wáyà so ó pọ̀, ìkọ́ irin kan sì wọ àtàrí rẹ̀ lọ, òun ni wọ́n fi gbé e kọ́ bí ẹni gbé ẹ̀wù kọ́. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: ATIRO. Ẹrú dókítà kan. Ẹ wo bí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣe kúrú.

Tíṣà ní kí wọ́n fojú inú wo bí ẹrú náà ṣe máa ń rìn. Làwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro káàkiri yàrá. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, tíṣà pàápàá pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ló dé tí kò ní mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ilé ló ti ń wo ẹni tó ń rìn bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti já bọ́ lórí àtẹ̀gùn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ò sì gùn tó ọ̀tún mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń pọnmi bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ, ni àbúrò tò sẹ́yìn rẹ̀, tó ń tiro, tó ń pariwo, "Atiro! Atiro!" Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo òpópónà ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta rèé. Atiro náà ni wọ́n ń pè é dòní. Òun ló ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú pósí nínú ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kejì, kò sì fẹnu kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí. Àbúrò náà ò fẹnu kàn án. Ó ṣáà máa ń sáré gbé ohunkóhun tó bá wúwo fún un kó tó bẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn ti dúró sẹ́nu géètì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún oṣù mélòó kan pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, pé ẹ sìnkú ọkùnrin inú gíláàsì yìí, ojú tì yín. Ojú ò ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ariwo náà pọ̀, wọ́n sì gbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ìsìnkú. Ìwé náà ní kí Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n kan àpótí kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀.

"Ọmọ tuntun ni ẹrú náà ni?" ló bi í.

"Rárá o, Bàbá. Eegun ṣáà ni. Wọ́n á tò ó lé ara wọn."

"Bíi igi ìdáná."

Òṣìṣẹ́ náà wo bàtà ara rẹ̀.

"Sọ fún ọ̀gá ẹ pé mò ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Dúró dè mí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àtẹ̀gùn pọ̀ níbẹ̀."

"Mo ti ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ látọjọ́ yìí wá, mi ò fojú kàn án rí. Gbé báàgì mi fún mi, jàre."

Àjà ilẹ̀ ni wọ́n kó eegun náà sí, yàrá funfun kan tó tutù, tó ń rùn bíi káńfọ̀ àti ọtí kíkan. Dúróọ̀ irin ló kún ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ilẹ̀ dé òkè àjà, tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́. Obìnrin kan tó ń mójú tó yàrá náà ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á tó ogójì. Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ nìyẹn níbẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá bá wà nítòsí.

Ọ̀gá wà nítòsí. Ọ̀gá àgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń jẹun. Wọ́n ti tú ọkùnrin náà kúrò lára wáyà, wọ́n tò ó sórí tábìlì gígùn kan, ọ̀gá sì gbé búrẹ́dì oníẹyin rẹ̀ sí eteetí tábìlì kan náà, nítòsí ìgbọ̀nwọ́ òkú. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni èérún ń já bọ́. Nígbà tó rí i pé díẹ̀ bọ́ sórí eegun ìhà, ó fi ìka kékeré gbọ̀n ọ́n dà nù, ó tún gé búrẹ́dì jẹ. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n ti gbé òkú tó ti wú, ó ti gbé òkú tí iná jó, kò sí èyí tó rí i lára bíi búrẹ́dì yẹn.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n? A ti wọ̀n ọ́n tán! Orí ẹ̀, eyín ẹ̀, ohun gbogbo. Kò sẹ́ni tí wọ́n wọ̀n tó o nílùú yìí."

"Èmi ò tíì wọ̀n ọ́n."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, ìyẹn ló tún burú jù. Ó ń ròyìn bí ẹni ń ròyìn ilé tó fẹ́ tà. Ó ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni dókítà náà ra ọkùnrin yìí. Nígbà tó kú, dókítà ò fẹ́ kó ṣòfò, ló bá sè é nínú agbada ńlá tí wọ́n fi ń se aṣọ lẹ́yìnkùlé, ọjọ́ méjì gbáko, kí ẹran lè bọ́ lára eegun. Òun ló fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin níṣẹ́ dókítà, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sì fi í ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ.

"Ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Ìwé tó dáa gan-an ni."

"Ó kọ orúkọ ọkùnrin yìí síbẹ̀?"

"Rárá. Àmọ́ ó kọ iye igi tó fi dáná."

"Ta ló ń la igi nínú ilé yẹn tẹ́lẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n bi í.

Ọ̀gá ronú díẹ̀. "Òun náà ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni."

Ọ̀gá nu ẹnu rẹ̀.

Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú bàsíà tó wà ní kọ̀rọ̀, ó yọ okùn tuntun jáde, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti fi fáníìṣì kun eegun náà, ó ń dán bí ẹsẹ̀ àga. Wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ nọ́ńbà sí gbogbo rẹ̀, àní wọ́n kọ ọ́ síwájú orí. Ihò ìkọ́ irin yẹn ṣì wà ní àtàrí. Eegun ìka ọwọ́ ọ̀tún ti pọ́n, ó ti jẹ, nítorí, bí Oníkọ́kọ́rọ́ ṣe sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń dé fìlà fún un bí ọdún bá ń parí. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n rántí pé òun náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gíláàsì fún kíláàsì wọn. Ó lọ tún ọwọ́ rẹ̀ fọ̀.

Ó wọn gígùn, ó wọn èjìká. Ó wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ta kókó. Ó wọn òsì. Òsì fi ìka mẹ́rin kúrú sí ọ̀tún.

"Ẹ ò rí i?" ni ọ̀gá wí tayọ̀tayọ̀. "Ìwé mẹ́ta ni wọ́n ti kọ lórí ẹsẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ní àìsàn ni, èkejì ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi dè é. Èmi ni mo kọ ìkẹta. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n ti tẹ̀ síwájú. Ó tẹ orí ba, ó ń wo ìbàdí òkú náà bí ẹni ń wo ojú ìrán aṣọ. Lẹ́yìn náà ló kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gá, ó di ìbàdí ara rẹ̀ mú.

"Ẹ wo ìdí mi. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Apá kan lọ sókè, ẹ̀yìn mi wọ́. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mo ti ń rìn bẹ́ẹ̀. Èèyàn tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi ìka mẹ́rin kúrú látinú ìyá ẹ̀ wá, ìdí ẹ̀ á rí gbọọrọ bíi tẹni yìí? Ọkùnrin yìí ò tiro rí."

"Màmá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti—"

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń tiro ni?"

Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n ò tẹ́tí sí wọn mọ́. Ẹni tó bá ti kan àga rí mọ bí orí igi ṣe ń wọ ihò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé eegun itan òsì, ó fẹ́ kì í bọ ihò ìbàdí. Ó mì. Ihò tóbi, orí eegun kéré. Ó yẹ inú ihò náà wò, ó rí nǹkan pupa rúsúrúsú kan tí wọ́n kì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí fáníìṣì ti bò mọ́lẹ̀. Ó fi ẹnu ìṣó tú u díẹ̀díẹ̀ títí ó fi já bọ́ sórí tábìlì. Èdídí ìgò ọtí ni, kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, wọ́n fi ọ̀bẹ gé e sí méjì. Àmì ẹni tó pọn ọtí náà ṣì wà lára rẹ̀.

Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n rí i bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ṣe: dókítà jókòó, ó ti sọ ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà nù tàbí ó ti tà á, ó wá òmíràn tó fẹ́ bá a mu, kò bá a mu tán, ó sì wo orí tábìlì oúnjẹ rẹ̀ bóyá ohun kan wà tó lè fi há a.

"Oníkọ́kọ́rọ́," ló wí, "ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Obìnrin náà kọ́kọ́ wo ọ̀gá. Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ eegun itan náà, níbi tí ìlà kan ti yí i po. "Wọ́n ti kọ́ mi ní èyí," ló wí. "Bí ìlà yìí bá ṣì wà, ẹni náà ò tíì dàgbà tán. Ọmọdé ni, Bàbá. Bóyá ọmọ ọdún méjìlá."

Ojú ọ̀gá ti yí padà. Kì í ṣe ti ọmọ náà ló ń rò, ẹ má dààmú. Ó ní wọ́n ti tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Ó ní wọ́n ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta ibojì, *Atiro* gàgàrà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sáàárín ara wọn, ẹsẹ̀ náà ti wà pẹ̀lú ọkùnrin náà fún igba ọdún, ó ti di tiẹ̀.

"Ẹ ò lè sin ọmọ ọlọ́mọ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì," ni Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n wí.

"Ọmọ wo? Kò sí ọmọ kankan nínú àkọsílẹ̀. Eegun èèyàn kan ni mo fọwọ́ sí pé kó jáde, ìyókù dúkìá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, Bàbá, páálí tó dáa wà lókè."

Ọ̀rọ̀ tó lé Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n jáde nìyẹn. Kì í ṣe ti ẹ̀rù. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ iṣẹ́ náà, inú páálí ni wọ́n máa kó ọkùnrin náà àti ọmọ náà sí pa pọ̀, tí ilẹ̀ á sì bò wọ́n. Ó ní òun á kan án. Bó ṣe bọ́ sójú títì, ó gbá ògiri mú, ó bì.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kan pósí ọkùnrin náà, pósí odindi èèyàn, pákó tó dáa, kò sí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ kankan níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Oníkọ́kọ́rọ́ gbé àwọn eegun náà wá nínú àpótí tí wọ́n fi òwú tẹ́. Ó mú ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí jáde. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọ̀gá ní kí n dúró wò ó títí ẹ fi máa kan ìdérí," ló wí. "Àmọ́ òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ jẹ́ n lọ ra omi."

Wákàtí méjì ni omi yẹn gbà á.

Wọ́n tẹ́ ọkùnrin náà sínú pósí rẹ̀, láìsí ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wà lórí aṣọ funfun lórí tábìlì ìránṣọ. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n yọ okùn kejì jáde. Báwo lèèyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wọn odindi ọmọ? Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹsẹ̀ ọmọ tó bá ti tó bẹ́ẹ̀, láti ìbàdí dé gìgísẹ̀, bí ìdajì rẹ̀ ni. Ó na okùn, ó ta kókó, ó tún fi ìwọ̀n kan náà kún un, ó ta òmíràn. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí okùn náà mọ́lẹ̀, ó fà á sókè. Ó dé àyà rẹ̀.

"Ibi tó ga dé nìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ síbi kókó náà, nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí.

"Ibẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ tó ti há Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n lọ́fun látọmọdé wá jáde wàyí. "Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo sọ yín ní Atiro."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Orí mi ni omi wà."

"Ẹ má bínú."

"Mo ti bínú tán kóo tó hu irùngbọ̀n." Ó ṣì ń wo okùn náà. "Ṣé o mọ èyí tó dùn mí jù? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé ó kéré tán, ẹnì kan wà tá a jọ ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin èèyàn yìí gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi."

Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n sunkún, kò fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ayùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan pósí ọmọ náà, gígùn rẹ̀ jẹ́ bí okùn ṣe wí. Ẹ̀gbọ́n rán aṣọ inú rẹ̀ ní funfun, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké mẹ́ta há etí aṣọ náà, nítorí wọn ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, ó ní kò sí ọmọ tí kò fẹ́ràn ohun tó ń tàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó gbé páálí lẹ́nu géètì wà níbi itẹ́ òkú, àwọn oníròyìn wà níbẹ̀, Oníkọ́kọ́rọ́ náà wà lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀gá àgbà wọ kóòtù dúdú. Ó rí pósí méjì lórí ọmọlanke Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ wìwì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti wà níwájú rẹ̀, kò rí ibi sá sí. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Lónìí, à ń dá iyì Atiro padà fún un, ẹrú aláàánú yẹn tó ń tiro lọ sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ ní òròòwúrọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tó burú. Ó dìde, ó ń bọ̀ níwájú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀ nítorí koríko tutù, ilẹ̀ sì ń yọ̀, gbogbo wọn sì ní láti wo bó ṣe ń rìn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá.

"Ẹ ti rí mi," ló wí. "Èmi ni mò ń tiro. Ọkùnrin yìí ò tiro rí láyé ẹ̀." Ó gbé èdídí ìgò yẹn, tó ti yọ́ mú lórí tábìlì àjà ilẹ̀, sókè láàárín ìka méjì. "Ohun tí dókítà fi há ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn lára rèé. Wọ́n kọ ìwé mẹ́ta lé e lórí."

Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n ṣí ìdérí pósí kejì. Àwọn tó wà nítòsí tẹ̀ síwájú, wọ́n sì dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ funfun ló kún inú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀ lápá òsì, pẹ̀lú nọ́ńbà dúdú lára. Gbogbo ìyókù ṣófo.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ mú ìyẹn jáde?" Ọ̀gá ti gbàgbé pé ẹ̀rọ wà lẹ́nu òun. "Dúkìá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn!"

Ọ̀rọ̀ náà dún jáde láàárín ibojì, *dúkìá*, ó kan ògiri ó padà bọ̀. Ẹ wo bí ẹnu ẹni ṣe ń tú èèyàn síta. Ariwo tó tẹ̀ lé e ò kéré. Ọ̀gá ń ṣẹ́, ó ń ṣàlàyé, ó ń làágùn. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n dúró dè é títí ohùn rẹ̀ fi rẹlẹ̀.

"Òkú tó pé ni mo máa ń kan ìdérí lé," ló wí. "Ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin yìí dà? Ìyókù ọmọ yìí dà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Ọ̀gá." Oníkọ́kọ́rọ́ ni, láti ẹ̀yìn, ohùn tí wọn ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ogún dókítà yẹn ò mọ sórí eegun tó wà nínú gíláàsì. Dúróọ̀ méjìlá wà nísàlẹ̀ tí orúkọ ẹ̀ wà lára wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, a ò ṣí i rí. Ẹ ní ká fi sílẹ̀."

Wọn ò sin ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn náà ló fa ọmọlanke gba ojú títì padà, pósí méjèèjì wà lórí rẹ̀, oníròyìn níwájú, ọ̀gá àgbà lẹ́yìn tó ń pe fóònù tí kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n gbé pósí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀, wọ́n gbé wọn lé orí tábìlì gígùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fi àkísà nu tábìlì náà. Èérún búrẹ́dì ṣì wà níbẹ̀.

Oníkọ́kọ́rọ́ wá kọ́kọ́rọ́ náà kàn. Dúróọ̀ àkọ́kọ́ ti dìpẹtà, ọkùnrin méjì ló fà á kó tó jáde. Inú bébà ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n di wọ́n sí, wọ́n fi okùn bàtà so wọ́n, bí ẹni di ẹja gbígbẹ. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n ń tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun. Ẹsẹ̀ òsì àgbàlagbà. Ẹsẹ̀ òsì àgbàlagbà. Ẹsẹ̀ òsì mìíràn, ó kúrú. Òmíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò ju ọwọ́ lọ. Ẹnì kan sáré jáde, wọ́n gbọ́ tó ń bì lórí àtẹ̀gùn.

Dúróọ̀ mọ́kànlá ló kù. Jẹ́-n-wọ̀n-ọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, okùn kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ bá mi ra okùn wá. Ẹ má ra ẹyọ. Odindi ìdì ni kẹ́ ẹ rà."